Ọ̀dọ́ mẹ́fà, ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko, ilé-ìwé kan: kí ni kí wọ́n máa ṣe lójoojúmọ́?

AlákòósoÈtò
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan fẹ́ yan ọ̀dọ́ mẹ́fà tó ti gba ìwé-ẹ̀rí NCE tàbí OND, ọmọ ọdún 18 sí 25, kí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan láti àárín oṣù kẹsàn-án títí di àárín oṣù keje. Ojoojúmọ́ ni o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún jẹ́ 240, olùkọ́ mẹ́fà ló ń kọ́ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò lè ka gbólóhùn kan délẹ̀, yálà ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè wa rèé: níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀, èdè wo la ó lò, kí la ó rà, èló ló máa ná wa, báwo ni iṣẹ́ náà kò ṣe ní tú ká lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ bá lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ènìyàn lè ṣe lọ́la ni a ń fẹ́.

ÌyáOlùkọ́
Ẹ kú ìmọ̀ràn rere. Kí ẹ tó kọ ohun tí àwọn ọmọ yìí máa ṣe, ẹ kọ ohun tí wọn kò ní ṣe. Wọn kò ní gba kíláàsì lọ́wọ́ olùkọ́. Olùkọ́ mẹ́fà fún ọmọ 240, ogójì ọmọ ló wà lọ́rùn ẹnì kan. Bí ara olùkọ́ kan kò bá yá, tí wọ́n pe òmíràn sí ìpàdé, ọ̀dọ́ yín ni wọ́n máa nawọ́ sí. Lọ́jọ́ kìíní, àánú ni. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin ó ti di àṣà, iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ wá, ìyẹn kíkọ́ ọmọ díẹ̀ díẹ̀ lọ́tọ̀, ti kú. Ẹ fi sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀dọ́ lè dúró ti kíláàsì fún ogún ìṣẹ́jú bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé tí ẹ máa fi tọrọ àṣẹ kò gbọdọ̀ kọjá oṣù kẹfà. Ọ̀gá ilé-ìwé kò lè dá gba àlejò ọdún kan sílé-ìwé ìjọba. Akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé náà máa lọ bá, ẹ̀dà kan á lọ sí SUBEB, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé ìjọba, ẹ̀dà kan sí SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé tí òbí, olùkọ́ àti aṣojú ìlú jọ wà nínú rẹ̀. Orúkọ, àdírẹ́sì, ìwé-ẹ̀rí àti ẹni méjì tó dúró fún ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n mọ orúkọ ọmọ. Orúkọ o, kì í ṣe "ìwọ aláṣọ búlúù". Ọ̀dọ́ kan, kíláàsì kan, orúkọ ogójì.

Òkè_Ìlú
Màmá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ọjọ́ tí ìwé bá lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ni kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ kí Baálẹ̀. Bí Baálẹ̀ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, yàrá tí ọ̀dọ́ máa sùn, omi tí wọ́n máa pọn, ẹni tó máa bá òbí sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa le. Kí wọ́n kí Ìyálọ́jà náà. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

ỌmọYorùbá_Boston
Ẹ kú ojúmọ́ láti òkè òkun. Irú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ City Year ń ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú Boston níbí ni Michael Brown àti Alan Khazei ti dá a sílẹ̀ ní 1988, àádọ́ta ọ̀dọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà lábẹ́ AmeriCorps, ètò ìyọ̀ǹda ara ẹni ti ìjọba Amẹ́ríkà tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, níbi tí wákàtí 1,700 ti jẹ́ òṣùwọ̀n ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é. Wọ́n ti mú un dé Johannesburg ní 2005 àti London ní 2010.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ yá lọ́wọ́ wọn. Èkíní, ọ̀wọ́ ọ̀dọ́ kan ló máa ń wà nínú ilé-ìwé kan pọ̀. Wọn kì í tú wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ilé-ìwé mẹ́fà. Ọ̀dọ́ tó bá dá wà, iṣẹ́ máa ń sú u ní oṣù kẹta, kò sì sí ẹni tó máa rí àṣìṣe rẹ̀. Èkejì, nǹkan mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣọ́ lára ọmọ: wíwá sí ilé-ìwé, ìwà, àti iṣẹ́ ìkàwé òun ìṣirò. Robert Balfanz ti Yunifásítì Johns Hopkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ìlú Philadelphia, wọ́n rí i pé láti kíláàsì kẹfà ni àwọn àmì yìí ti ń fi ẹni tó lè má parí ilé-ìwé girama hàn. Nítorí náà, orúkọ ọmọ pàtó ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé. Ẹ̀kẹta ni aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì pupa ni tiwọn, ọmọ àti òbí ń dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Aṣọ àwọ̀lékè aláwọ̀ kan tó gbé orúkọ ẹgbẹ́ tó fún yín.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ dà kọ ni iye iṣẹ́. Ilé-ìwé tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní bọ́ọ̀sì, oúnjẹ ọ̀sán àti olùdámọ̀ràn. Ọ̀dọ́ yín tó bá ń kọ́ni, tó ń bẹ ilé wò, tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa rẹ̀ ẹ́.

Òṣùwọ̀nÌkàwé
Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ gan-an. Kí ẹ tó kọ́ ọmọ kan ní ohunkóhun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu. Ìlànà tí mo fara mọ́ ni ti Pratham, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai nílẹ̀ Íńdíà ní 1995, tí ọ̀nà wọn ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìpele ìmọ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń pín in sí ọ̀wọ́, wọn kì í wo kíláàsì tàbí ọjọ́ orí rẹ̀.

Ojú ìwé kan ni gbogbo àyẹ̀wò náà. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá sí i, ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́wàá, ìpínrọ̀ onígbólóhùn mẹ́rin, àti ìtàn onígbólóhùn mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ìpínrọ̀ ni ọmọ máa kọ́kọ́ kà. Bí ó bá kà á geere, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ẹ fún un ní ìtàn. Bí kò bá lè kà á, ẹ padà sí ọ̀rọ̀, kí ó mú márùn-ún tó wù ú. Mẹ́rin nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ tọ̀nà. Bí kò bá ṣe é, ẹ lọ sí lẹ́tà, márùn-ún bákan náà. Ibi tí ó dúró sí lẹ ó kọ síwájú orúkọ rẹ̀: kò tíì bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀, ìtàn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni fún ọmọ kan. Ọmọ 240 jẹ́ ìṣẹ́jú 960, wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin mẹ́fà bá pín in, kò ní gba ju wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú lọ, ẹ lè fi àárọ̀ méjì ṣe é.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: ṣíṣe é níṣojú àwọn ọmọ yòókù. Ọmọ kejì á ti há ìpínrọ̀ náà sórí kí ó tó kàn án. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ inú wọn yàtọ̀, ẹ jókòó sábẹ́ igi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí wọn kò lè gbọ́ yín. Ẹ má pè é ní ìdánwò. Ẹ má sì ràn án lọ́wọ́, ẹ má tọ́ ọ sọ́nà, kódà bí ojú àánú bá ń ṣe yín. Àánú tí ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn máa gbé ọmọ sínú ọ̀wọ́ tí kò ti ní gbọ́ nǹkan kan.

Àtẹ̀wé_Lójúmọ́
Kí n dá sí i kíákíá: bí ẹ bá fi fóònù tẹ ìwé àyẹ̀wò náà, ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọtokópì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà wọn máa sọ ẹ, ọ, ṣ di àpótí òfìfo, tàbí kí àmì abẹ́ rẹ̀ já. Ẹ fi ìka tọ gbogbo ẹ, ọ, ṣ lórí ẹ̀dà kìíní. Ọmọ tó ka "oko" síbi tí ẹ ti fẹ́ kọ "ọkọ" kò ṣe àṣìṣe, ìwé yín ló ṣe é.

Adéẹ̀kọ́
Ìbéèrè lọ́dọ̀ tèmi. Ṣé Yorùbá lẹ máa fi kọ́ wọn ní ìkàwé? Òbí ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé girama, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣé a kò ní dá àwọn ọmọ yìí dúró báyìí?

ÌyáOlùkọ́
Àbúrò, ìbéèrè yẹn ti ní ìdáhùn láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ òbí wọn kò tíì dáyé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kejì tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ délẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Inú máa ń bí mi tí a bá ń ṣe bí ẹni pé a kò mọ èyí.

Ìdí rẹ̀ hàn kedere. Ọmọ tó ń ka "bàtà" ti mọ bàtà kí ó tó kà á. Iṣẹ́ kan ló ń ṣe, ìyẹn síso ìró mọ́ lẹ́tà. Ọmọ tó ń ka "shoe" ń wá ìró, ó ń wá ìtumọ̀, lẹ́tà náà kò sì jọ ìró tó ń jáde lẹ́nu. Tó bá ti mọ̀ pé lẹ́tà ló ń dárí ẹnu, ó máa gbé ọgbọ́n yẹn lọ bá Gẹ̀ẹ́sì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìlànà ìjọba. Èyí tó fàyè gba èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e ní 2025. Nítorí náà ẹ má sọ pé ẹ ń yí èdè ìkọ́ni kíláàsì padà. Ẹ pè é ní ẹgbẹ́ ìkàwé, kí ó ní wákàtí tirẹ̀, kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i. Kí àwọn tó bá ti dé ìpele ìtàn ní Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ìkàwé Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀, kí òbí rí i.

AṣọǸkànFúnỌmọdé
Ó ku bí ẹ ṣe máa kọ́ wọn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d lọ dé y. Lẹ́tà mẹ́fà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: a, i, b, l, m, t. Ẹ wo ohun tó wà nínú wọn: ata, ilá, ìlà, àlá, bàtà, bàtá, àbàtà, àmì, tàbí. Lọ́jọ́ kẹta ọmọ ti ń ka ọ̀rọ̀ gidi, ojú rẹ̀ á yàtọ̀. Lẹ́tà mẹ́fà mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kọ́ e àti ẹ lọ́jọ́ kan náà. Bákan náà ni o àti ọ, s àti ṣ. Ẹ fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan sáàárín, kí èkíní ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gb jẹ́ lẹ́tà kan, orí káàdì kan ni kó wà, kí ọmọ má bàa ka "gbà" bí "gi-bà". P tiwa kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé ọwọ́ síwájú ẹnu kí ó sọ "pápá", ó máa mọ̀ ọ́n lára.

Káàdì: ra káàdíbọ́ọ̀dù tó fẹ̀ tó 56 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn tó 71. Gé e sí 14 lọ́nà kan, 10 lọ́nà kejì. Mẹ́rin lọ́nà méje, káàdì 28 nìyẹn. Lẹ́tà wa jẹ́ 25, mẹ́ta tó kù jẹ́ ààyè fún èyí tó bá ya. Máákà dúdú fún lẹ́tà, pupa fún àmì abẹ́ àti àmì ohùn. Sẹ́lótéèpù fífẹ̀ lórí àti lẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òógùn ọwọ́ ọmọ á pa á rẹ́ láàárín oṣù kan. Ọ̀wọ́ mẹ́fà, káàdíbọ́ọ̀dù mẹ́fà. Ẹ tún ya àtẹ sílébù kan fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: kọ́ńsónáǹtì 18 lọ sísàlẹ̀, fáwẹ̀lì méje lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé 126. Ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kíkà rẹ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí ó má di orin àkọ́sórí. Ẹ máa fo láti ibì kan sí ibòmíràn, kí ojú ọmọ máa wá a.

Wákàtí kan ni ìpàdé ọ̀wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún àlọ́ tàbí ọ̀rọ̀ sísọ, mẹ́wàá fún àtẹ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kíka ìpínrọ̀ (ọ̀dọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ kà á ní méjì méjì, ìka lórí ọ̀rọ̀), mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún eré káàdì, mẹ́wàá fún kíkọ, márùn-ún láti sọ ohun tí a kà.

Àmì_Ohùn
Mo lòdì sí ẹ lórí ohun kan, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń sọ pé kí a fi àmì ohùn sílẹ̀ títí ọmọ á fi dàgbà. Ẹ̀yin náà gbé bàtà àti bàtá síwájú ọmọ lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ kò sì sọ bí a ṣe máa kọ́ ọ.

Ọmọ kò nílò orúkọ àmì. Kí ó fi imú kùn ún ni: dò, re, mí. Ọwọ́ wálẹ̀, ọwọ́ láàárín, ọwọ́ sókè. Bàtà: ọwọ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàtá: wálẹ̀, sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ gbé mẹ́rin kalẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Kí ọmọ ya àwòrán ọkọ́ síwájú èyí tó jẹ́ ọkọ́. Ẹ máa rí i pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tètè gbọ́ ìyàtọ̀ ju ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọ lọ, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa ti sọ ọ́ di bárakú láti máa tẹ Yorùbá láìsí àmì lórí fóònù. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọ̀dọ́ ní oṣù kẹjọ. Ọjọ́ méjì gbáko fún àmì ohùn àti àmì abẹ́ kò pọ̀ jù.

AṣọǸkànFúnỌmọdé
Mo gbà. Ọwọ́ gbígbé yẹn dára ju ohun tí mo ní lọ́kàn lọ.

Oníṣirò_Ìgbálẹ̀
Kò sí ẹni tó dárúkọ ìṣirò. Ẹ ra ìgbálẹ̀ kan. Ẹ ṣa ẹyọ ọwọ̀ 100 tó nípọn, ẹ gé wọn dọ́gba. Ẹ fi rọ́bà di àádọ́rùn-ún nínú wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ìdì mẹ́sàn-án, kí mẹ́wàá tó kù wà nílẹ̀ ní títú.

Ìdí tí mo fi yan ọwọ̀ ni bí a ṣe ń kà á lédè wa. Ẹ̀ẹ́tàdínlógún, ẹ̀ta dín ní ogún ni. Ọmọ gbọ́ ẹ̀ta, ó gbọ́ ogún, ó kọ 23 tàbí 203. Olùkọ́ á fàmì X sí i, ọmọ á sì rò pé òun kò mọ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó gbọ́ ló kọ. Ẹ fún un ní ìdì méjì. "Ogún nìyí." Ẹ ní kí ó yọ ẹ̀ta. Kò lè yọ ọ́ láìtú ìdì kan. Ó tú u, ó yọ mẹ́ta, ó kù ìdì kan àti méje. Ó fi ojú rí 17. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe márùndínláàádọ́ta: ìdì márùn-ún, tú ọ̀kan, yọ márùn-ún. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní bẹ̀rù ìyọkúrò tí a ń "yá" ẹ̀wá nínú rẹ̀, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ti tú ìdì.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: pípín ọwọ̀ fún ogún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fi ṣe idà. Ọmọ mẹ́rin ni kó máa lò ó pọ̀, kí wọ́n kà á padà sínú agolo kí wọ́n tó dìde.

Òkè_Ìlú
Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ Ìyálọ́jà. Ẹ mú kàlẹ́ńdà. Bí ọjà ìlú náà bá jẹ́ ọjà ọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń padà wá. Láàárín ọjọ́ 28, ìgbà méje ló ná, ó sì máa bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Márùn-ún nínú wọn ni ọjọ́ ilé-ìwé. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ́jọ́ ọjà ti pàdánù ọjọ́ márùn-ún nínú ogún, ìdá mẹ́rin ọdún rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjà ìsán, tó ń padà wá lọ́jọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, márùn-ún nínú ogójì ni.

Rẹ́jísítà kì í fi èyí hàn torí pé ọjọ́ ọjà ń sún. Lọ́sẹ̀ yìí Ọjọ́ Ajé ni, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọjọ́ mìíràn. Olùkọ́ á ní "ọmọ yìí kàn ń pa ilé-ìwé jẹ ni". Ẹ fi máákà pupa sàmì sí gbogbo ọjọ́ ọjà títí di oṣù keje. Ẹ má kọ́ ohun tuntun lọ́jọ́ náà, àtúnyẹ̀wò àti eré káàdì ni. Kí Ìyálọ́jà bá àwọn ìyá sọ ọ́ pé kí ọmọ ru ẹrù lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ó sì padà wá kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní wọlé lẹ́nu ọmọ ọdún ogún tó wọ aṣọ àwọ̀lékè ẹgbẹ́.

Ọmọ tó bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọjà, ẹ lọ sílé rẹ̀. Ẹni méjì ni kó lọ, olùkọ́ rẹ̀ bó bá lè ṣe é. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ló dé". Ẹ sọ ohun rere kan tí ọmọ náà ṣe, ẹ wá béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ibà, aṣọ ilé-ìwé kan ṣoṣo tí kò tíì gbẹ, àbúrò tí kò sẹ́ni tó máa gbé e, tàbí owó kan tí wọ́n ní kó mú wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀nà àbáyọ tirẹ̀, ìbáwí kò sí lára rẹ̀.

Ọjọ́_CDS
Ẹnì kan bi mí nínú ìkọ̀kọ̀ bóyá ẹ kò lè lo àgùnbánirọ̀ dípò kí ẹ sanwó fún ọ̀dọ́ tiyín. Kì í ṣe ohun kan náà. NYSC, ìyẹn ètò àgùnbánirọ̀, jẹ́ ti òfin láti 1973, wọn kò yọ̀ǹda ara wọn, ìjọba ló ń pín wọn. Ilé-ìwé lè béèrè fún wọn, àmọ́ ẹ kò lè yan ẹni tí wọ́n máa fún yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ wà ní àgọ́, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ jẹ́ ti CDS, ìyẹn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìgbà tí wọ́n ń wọlé kò sì bá sáà ilé-ìwé mu, ẹlòmíràn á parí láàárín táàmù. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ bí wọ́n bá wà, ẹ fún wọn ní ọ̀wọ́ ìpele ìtàn tàbí ìkàwé Gẹ̀ẹ́sì, tí ìdádúró ọjọ́ kan kò ní pa lára púpọ̀. Ọ̀wọ́ àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nílò ojú kan náà lójoojúmọ́.

Akápò
Owó. Ìyọ̀ǹda kì í ṣe ebi. Ọ̀dọ́ tó ń lọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́wàá nílò oúnjẹ, ọkọ̀, ibi ìsùn àti káàdì ìpè. Àgùnbánirọ̀ ń gba ₦77,000 lóṣù, wọ́n á fi tiyín wé e. Ẹ jẹ́ ká fi ₦50,000 àti yàrá ọ̀fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ: mẹ́fà lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ ọgọ́ta owó oṣù, ₦3,000,000. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún ìtọ́jú àìsàn, ₦300,000. Ẹ̀yìn ìyẹn ni káàdì, pẹ́ńsù àti fọtokópì, èyí tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ bí owó oṣù mẹ́ta, ₦900,000, kò bá tíì wà ní báńkì. Ìlérí ọmọ ìlú tó wà lókè òkun kì í ṣe owó. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ máa san án lóṣooṣù. Bí ó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn ló máa kọ́kọ́ lọ, torí òun ló tètè máa ríṣẹ́ mìíràn.

Ìyá_Ààbò
Ẹ ti kọ púpọ̀, ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ ààbò ọmọ. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ọ̀dọ́ kan kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ kọ́ ọmọ níta tàbí ní kíláàsì tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ṣí. Ọmọ kì í wá sí yàrá tí ọ̀dọ́ ń gbé, kì í pọn omi fún un, kì í fọ aṣọ rẹ̀, kódà bí òbí bá ní kó ṣe é. Kò sí nọ́ńbà fóònù ọmọ lọ́wọ́ ọ̀dọ́. Kò sí fọ́tò ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ìwé àṣẹ òbí. Kò sí ẹgba, rárá, àti èyí tí olùkọ́ bá ní kí ó bá òun nà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti wà láti 2003, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Ẹ yan obìnrin kan nínú SBMC tí ọmọ lè lọ bá, kì í ṣe ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́. Ẹ lọ fi í han àwọn ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ilé rẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá dé, ọ̀dọ́ náà kúrò nílé-ìwé lọ́jọ́ náà gan-an kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ.

AlákòósoÈtò
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. À bá ti ṣìnà pátápátá. Mo ti to ọjọ́ kan báyìí, ẹ bá wa wò ó: 7:30 ọ̀dọ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n kí ọmọ lórúkọ, wọ́n sàmì sí ẹni tí kò wá. 8:00 sí 12:00 wọ́n jókòó ti ọmọ nínú kíláàsì. 12:30 sí 1:30 ọ̀wọ́ ìkàwé, ogún ọmọ fún ọ̀dọ́ kan, 120 lápapọ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìpínrọ̀. 2:00 sí 3:00 wọ́n kọ ìròyìn, wọ́n múra ọ̀la sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ọ̀wọ́, ọjọ́ karùn-ún fún ilé bíbẹ̀wò. Táàmù ọ̀sẹ̀ 12 máa fún wa ní ìpàdé 48.

Òṣùwọ̀nÌkàwé
Kò ní tó 48. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò sẹ́ni tó máa pé, ọ̀sẹ̀ ìdánwò lọ, ìsinmi ìjọba gbé tirẹ̀. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ìpàdé 36. Ó tó ṣe iṣẹ́ gidi: ọgbọ̀n sí àádọ́ta ọjọ́ ni Pratham fi ń ṣe àgọ́ ìkàwé tiwọn. Ẹ tún ọmọ yẹ̀ wò láàárín táàmù àti ní ìparí rẹ̀, ẹ gbé ẹni tó bá ti kọjá lọ sí ọ̀wọ́ tó kàn lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí kò sún lẹ́yìn ìpàdé 18, ẹ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ gbé ìwé jìnnà sí i, ẹ gbé e súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá fura, ilé ìwòsàn ìjọba ló kàn, kì í ṣe káàdì.

Ní ti ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ: láti táàmù kejì, olùkọ́ méjì gbọ́dọ̀ máa jókòó nínú ọ̀wọ́. Ní táàmù kẹta olùkọ́ ló ń darí, ọ̀dọ́ ń dúró tì í. Àwọn káàdì, àtẹ àti ìwé orúkọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí ó bá di oṣù keje tí kò sí olùkọ́ kankan tó lè ṣe wákàtí náà láìsí ọ̀dọ́, ẹ má ṣe àpèjẹ ìdágbére, ẹ fún olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

ÌyáOlùkọ́
Ẹ gbé ọ̀wọ́ ìkàwé kúrò ní 12:30. Ọmọ tó jẹ̀kọ ní aago méje, tí kò ní owó ìpápánu, ti ń sùn nígbà yẹn, páànù sì ti gbóná lórí rẹ̀. Ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kí ó fún yín ní 9:00 sí 10:00. Olùkọ́ kíláàsì máa kọ́kọ́ kùn, torí òun náà fẹ́ àárọ̀. Ẹ sọ fún un pé 120 ọmọ tí kò lè kàwé máa jáde lọ́wọ́ wọn fún wákàtí yẹn, ogún ogún ló máa kù fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó fi àkókò náà kọ́ àwọn yẹn dáadáa. Kò sí olùkọ́ tí ogójì ọmọ ti rẹ̀ tó máa kọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, bí òjò bá ń lu páànù, ohùn kò ní jáde. Ẹ má máa pariwo lé òjò lórí. Kíkọ ni kí ẹ fi ọjọ́ náà ṣe: káàdì sókè, ọmọ kọ ọ́, ó gbé ìwé rẹ̀ sókè, ẹ mi orí.